Páìpù Kì í Ṣàdédé Dí

Bí omi tí a fi fọ abọ́ bá kún síǹkì tí kò lọ mọ́, ohun tí ará ilé máa ń sọ ni pé páìpù ti dí. Wọn a sọ ọ́ bí ẹni pé àárọ̀ ọjọ́ náà ló dí. Lẹ́yìn náà ni wọn yóò ké sí pulọ́ńbà, tàbí kí wọ́n rán ọmọ lọ ra kọ́sítíìkì wá. Èrò tiwa ni pé ọ̀rọ̀ náà ti pẹ́ kí wọ́n tó sọ ọ́, ìtọ́jú náà sì ti pẹ́ kó tó dé. Páìpù tó kọ̀ lónìí ti ń dí láti ọ̀pọ̀ oṣù sẹ́yìn, ó sì ti ń fi àmì hàn ní gbogbo àkókò náà fún ẹni tó bá fẹ́ rí i. Ìdí ọ̀rọ̀ náà kò sì sí nínú páìpù rárá. Ó wà nínú ìkòkò ọbẹ̀, nínú àwo tí a jẹun tán, nínú ọpọ́n tí a fi bó ẹ̀wà, àti ní ilẹ̀ balùwẹ̀. Bí a bá fẹ́ kí omi máa lọ, ohun tí kò yẹ kó wọ páìpù ni ká kọ́kọ́ mójú tó, kí a tó máa wá ohun tí yóò lé e jáde.

Epo ni ká fi bẹ̀rẹ̀, nítorí òun ni olórí ẹlẹ́bi. Kí epo pupa tó lè yọ́ pátápátá, ooru gbọ́dọ̀ tó nǹkan bíi 35°C. Bó bá ti tutù jù bẹ́ẹ̀ lọ, ó ti ń dì nìyẹn. Gbogbo ẹni tó bá ti gbìyànjú láti da epo láti inú kẹ́ẹ̀gì lásìkò ọyẹ́ mọ èyí dáadáa. Omi gbígbóná tí a fi fọ ìkòkò máa ń gbé epo kọjá ẹnu síǹkì, ojú wa a sì rí i pé ó ti lọ. Kò lọ jìnnà. Inú ògiri àti abẹ́ ilẹ̀ tí páìpù gbà kọjá tutù, ibẹ̀ ni epo náà ti ń lẹ̀ mọ́ ara páìpù. Ti ọ̀la yóò lẹ̀ mọ́ ti òní. Òróró tí a fi dín dòdò àti ọ̀rá ẹran pẹ̀lú ń bá a kẹ́gbẹ́. Ìyà rẹ̀ kò sì mọ síbẹ̀. Àwọn tó ń se ọṣẹ dúdú mọ̀ pé bí epo bá pàdé omi eérú, ọṣẹ ni yóò dà. Ohun tó jọ bẹ́ẹ̀ ń ṣẹlẹ̀ nínú páìpù: èròjà kálísíọ́ọ̀mù tó wà nínú omi àti nínú kọńkéré a máa bá ọ̀rá dàpọ̀ di ohun kan tó le, tí kò ní ìfófòó, tí omi lásán kò sì lè yọ́ mọ́.

Ẹni tó bá rò pé ọ̀rọ̀ àwa tí ìlú wa kò rí àbójútó nìkan nìyí, kó wo Lọ́ńdọ̀nù. Ní oṣù kẹsàn-án ọdún 2017, àwọn òṣìṣẹ́ ilé iṣẹ́ omi Thames Water bá òkìtì ọ̀rá kan pàdé nínú páìpù ńlá abẹ́ ilẹ̀ ní Whitechapel, ní ìlà oòrùn ìlú náà. Gígùn rẹ̀ tó 250 mítà, ìwọ̀n rẹ̀ sì tó 130 tọ́ọ̀nù. Ọ̀rá ìdáná ni, òun pẹ̀lú aṣọ pélébé tí wọ́n fi ń nu ìdí ọmọ àti oríṣiríṣi ìdọ̀tí, gbogbo rẹ̀ sì ti le débi pé ọ̀pọ̀ ọ̀sẹ̀ ni wọ́n fi gé e wẹ́wẹ́ kí wọ́n tó kó o tán. Ní ọdún 2018, ilé ìṣẹ̀ǹbáyé ìlú náà gbé ègé kan nínú rẹ̀ síta kí aráyé wá wò ó. Páìpù ibẹ̀ fẹ̀ tó kí ènìyàn wọlé sínú rẹ̀, owó ìtọ́jú wà, òṣìṣẹ́ wà. Síbẹ̀ epo tí ọ̀kẹ́ àìmọye ilé àti ilé oúnjẹ ń dà nù díẹ̀díẹ̀ borí gbogbo rẹ̀. Páìpù síǹkì tiwa, tí ẹnu rẹ̀ kì í sábà ju íǹṣì méjì lọ, kò lè gba ohun tí ti Whitechapel kò gbà.

Bí epo bá ti tẹ́ ara rẹ̀ sílẹ̀, ohun tí yóò máa mú kò wọ́n nílé Yorùbá. Ẹ wo bí a ṣe ń bó ẹ̀wà fún mọ́ínmọ́ín tàbí àkàrà. A ó rẹ ẹ́, a ó fọwọ́ ra á, a ó bu omi lé e, èèpo yóò léfòó, a ó wá rọra da ọpọ́n dẹ̀gbẹ́ kí omi lè gbé èèpo náà lọ. Láyé ìgbà kan, ilẹ̀ẹ́lẹ̀ ẹ̀yìnkùlé ni a ń dà á sí, adìẹ á sì pé lé e lórí kí omi tó gbẹ. Ní báyìí, inú síǹkì ni. Èèpo ẹ̀wà fẹ́lẹ́, kò wúwo, ó gba ojú ihò síǹkì kọjá láìsí ìnira, ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ pẹlẹbẹ ni yóò sì fi fara ti ibi tí epo ti ń lẹ̀. Ìwọ̀nba bíbó mélòó kan ti tó láti mú kí páìpù fún. Gàrí tún burú jù ú lọ. Ìkúnwọ́ gàrí tó ṣẹ́kù sínú ife tí a fi mu ún yóò wú sí i nígbà tó bá jókòó sínú páìpù, bí ó sì ti ń wú ló ń di ẹ̀bà. Ìpẹ́ ẹja, ìrẹsì, iyanrìn tó wà lára iṣu, gbogbo wọn ń wá ibi tí wọn yóò gbé sinmi. Ní ti balùwẹ̀, irun ni ọ̀gá, pàápàá irun àfikún tí àwọn obìnrin máa ń tú dànù, nítorí irun ike kì í jẹrà. Kànìnkànìn náà ń dá kún un: bó ti ń gbó ni fọ́nrán rẹ̀ ń já wọ omi, fọ́nrán náà á sì hun mọ́ irun pẹ̀lú ìfófòó ọṣẹ títí yóò fi di ìdì kan gbọingbọin. Ti ilé ìgbọ̀nsẹ̀ kò gba àlàyé púpọ̀. Páádì nǹkan oṣù, dáípà àti aṣọ pélébé ìnudìí kò yẹ níbẹ̀ rárá, ohun yòówù kí wọ́n kọ sí ara páálí rẹ̀.

Àmì tí páìpù ń fi hàn ni a fẹ́ kí ẹ̀yin òǹkàwé fara balẹ̀ mọ̀, nítorí ibẹ̀ ni èrè wà. Àmì àkọ́kọ́ ni kí omi máa lọ́ra. Omi tó máa ń lọ ní kété tí a bá ti gbé ọwọ́ kúrò nínú síǹkì bẹ̀rẹ̀ sí í yí po, ó ń dúró díẹ̀, ó ń fi òróró àti ìfófòó sílẹ̀ sí ara síǹkì bó ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ará ilé kì í ka èyí sí nǹkan, torí pé ó ṣì ń lọ. Àsìkò yìí gan-an ni iṣẹ́ náà rọrùn jù, àìtètè mólè sì ni olè fi ń mólóko. Àmì kejì ni ariwo gulu-gulu. Bí ọ̀nà bá ti há, omi tó ń lọ kò ráàyè gbà pẹ̀lú afẹ́fẹ́, afẹ́fẹ́ náà á sì máa gba ẹnu ihò mìíràn wọlé tàbí jáde. Ìdí nìyí tí a fi ń gbọ́ ohùn nínú àwo ìgbọ̀nsẹ̀ nígbà tí ẹlòmíràn ń wẹ̀ ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀.

Àmì kẹta ni òórùn, òun sì ni a sábà máa ń ṣì tú. Abẹ́ gbogbo síǹkì ni páìpù ti tẹ̀ kọrọdọ. Omi tó dúró sínú ìtẹ̀ yìí ni ìdènà tí kì í jẹ́ kí atẹ́gùn sọ́kàwéè gba ibẹ̀ wọlé tọ̀ wá wá. Láti ọdún 1775 tí Alexander Cumming, aṣaago ará Skọ́tílándì, ti gba ìwé àṣẹ lórí àwo ìgbọ̀nsẹ̀ tó ní irú ìtẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni ilé gbígbé pẹ̀lú ìgbọ̀nsẹ̀ nínú ti di ohun tó ṣeé fara dà. Nítorí náà, bí balùwẹ̀ àlejò tí ẹnikẹ́ni kò lò láti ọjọ́ pípẹ́ bá ń rùn, ó lè jẹ́ pé omi ìtẹ̀ náà ló gbẹ. Abọ́ omi kan ti tó o. Ṣùgbọ́n bí síǹkì tí a ń lò lójoojúmọ́ bá ń rùn, oúnjẹ tó há ló ń rà, tàbí kó jẹ́ pé omi tó ń jìjàdù nínú páìpù ń fa omi ìtẹ̀ jáde. Dída Ìsáàlì sí i yóò bo òórùn náà mọ́lẹ̀ fún ọjọ́ méjì, ohun tó há kò sì ní kúrò níbẹ̀.

Àmì tó kẹ́yìn kì í ṣe àmì mọ́, ẹ̀rí ni. A da omi sí síǹkì, ó yọ sókè ní ilẹ̀ balùwẹ̀. Ibi tó rẹlẹ̀ jù nínú ilé ni omi tó ṣẹ́rí padà ń gbà jáde. Bí ó bá jẹ́ ihò kan ṣoṣo ló ń lọ́ra, ìdènà náà kò jìnnà sí ihò yẹn. Bí ó bá jẹ́ gbogbo wọn, páìpù àgbà tàbí sọ́kàwéè ló ní ọ̀rọ̀ sọ. Kí ẹ tó fọ́ táìlì ẹnikẹ́ni, ẹ ṣí ìdérí kọńkéré ṣáńbà, ihò àyẹ̀wò páìpù tó wà níta. Bí ṣáńbà bá gbẹ nígbà tí omi kún inú ilé, àárín ilé sí ṣáńbà ló dí. Bí ó bá kún dẹ́nu, iwájú ni ẹ ó wò. Ó yẹ ká fi ọ̀kan kún un fún àwọn tó ń gbé ní Lẹ́kì, Àjà àti àwọn àdúgbò mìíràn tí omi kò jìnnà sí ojú ilẹ̀. Ní oṣù kẹfà àti ìkeje, ilẹ̀ fúnra rẹ̀ ti mu omi yó, sọ́kàwéè kò sì ríbi da tirẹ̀ sí. Irú ìyẹn kì í ṣe ti páìpù tó dí, mọ́tò tó wá fa ìdọ̀tí rẹ̀ lónìí yóò tún padà wá lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀.

A mọ̀ pé ọ̀pọ̀ ènìyàn gbẹ́kẹ̀ lé kọ́sítíìkì. Òótọ́ ni pé ó lè sọ ọ̀rá di ọṣẹ, bó bá kàn án. Ṣùgbọ́n nígbà tí páìpù ti dí pátá, orí omi tó dúró ni a ń dà á sí, kò sì ní dé ibi tí ọ̀rá wà. Níbẹ̀ ni yóò ti máa gbóná, tí yóò sì máa rọ páìpù ike. Pulọ́ńbà tí ẹ bá pè lẹ́yìn náà ni yóò fi ojú àti ọwọ́ gba ohun tí ẹ kò sọ fún un pé ẹ dà síbẹ̀. Èyí tó bá sì kọjá dé inú tánkì ìgbọ̀nsẹ̀ ń pa àwọn kòkòrò tíntín tó ń jẹ ìgbẹ́ níbẹ̀, nítorí náà tánkì yóò yá kún. Ewu ńlá mìíràn tún wà: bí ẹnikẹ́ni bá da bílíìṣì pọ̀ mọ́ ásíìdì tí a fi ń fọ àwo ìgbọ̀nsẹ̀, afẹ́fẹ́ kílórììnì tó ń jáde lè ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́ nínú balùwẹ̀ tí kò ní fèrèsé. Omi tó ń hó yààyàà náà kò yẹ páìpù ike, nítorí ó lè mú oríkèé rẹ̀ yẹ̀. Omi tó gbóná níwọ̀n, rọ́bà tí a fi ń ti omi tí a sì fi ń fà á, korobá tí a gbé sábẹ́ ìtẹ̀ páìpù kí a tó fọwọ́ tú u: ìwọ̀nyí ló yẹ kó ṣáájú.

Ohun tí à ń bẹ̀bẹ̀ fún gan-an kò gba ohun èlò. Kí a fi ìwé ìròyìn àtijọ́ tàbí ewé tí a fi wé mọ́ínmọ́ín nu ìkòkò àti àwo kí omi tó kàn wọ́n. Kí a gbé asẹ́ lé ẹnu síǹkì kí a tó da omi ẹ̀wà, kí èèpo rẹ̀ sì lọ sọ́dọ̀ ewúrẹ́ tàbí sínú ike ìdọ̀tí. Kí a da òróró tó ti gbó sínú agolo, kí a dé e pa. Kí asẹ́ mìíràn wà ní ihò balùwẹ̀, kí ẹni tó wẹ̀ tán sì mú irun orí rẹ̀ kúrò.

Àwọn kan yóò sọ pé àwọn bàbá wa kò ṣe gbogbo èyí, omi wọn sì ń lọ. Omi wọn ń lọ nítorí pé kò sí páìpù tí yóò dí. Ilẹ̀ gbalasa ń mu ún, ẹran ọ̀sìn ń jẹ ohun tó wà nínú rẹ̀, ilé kan sì jìnnà sí èkejì. Àwọn náà kò fi ọ̀rọ̀ omi ṣeré: agbo ilé tí òrùlé rẹ̀ ń da òjò sí àárín àkọ̀dì ní ojú àgbàrá tó gba abẹ́ ògiri jáde, wọ́n sì ń gbá a. Nígbà tí wolé-wolé dé láyé àwọn òyìnbó, tí wọ́n ń wo ìdí àmù fún tanwíjí, tí wọ́n ń wo gọ́tà, ìyá àgbà kankan kì í jẹ́ kí wọ́n bá ìdọ̀tí nílé òun. Àwa ni a gbé ìdáná wọnú ilé, tí a fi sìmẹ́ńtì bo gbogbo àgbàlá, tí a sì ń bá a lọ láti máa da omi nù bí ẹni pé ilẹ̀ ṣì wà níbẹ̀.

Àtakò tó wúwo jù ni ti ìjọba. Wọ́n ní, kí ni àǹfààní asẹ́ orí síǹkì nígbà tí gọ́tà iwájú ilé ti kún fún iyanrìn àti ọ̀rá láti ọdún méjì, tí ẹnikẹ́ni kò sì wá kó o? A kò ní gbèjà ìjọba lórí èyí. Ẹni tó bá rántí omíyalé odò Ògùnpa ní Ìbàdàn ní ọjọ́ 31 oṣù kẹjọ ọdún 1980, tàbí ti ọjọ́ 26 oṣù kẹjọ ọdún 2011 tó pa ju ọgọ́rùn-ún ènìyàn lọ, mọ ohun tí àìgbẹ́ odò àti àìkó ìdọ̀tí lè fà. Ní Èkó, lẹ́yìn tí wọ́n fagi lé òfin kónílé-ó-gbélé ọjọ́ ìmọ́tótó oṣooṣù ní oṣù kọkànlá ọdún 2016, ọ̀pọ̀ ọdún kọjá láìsí ètò mìíràn tó mú kí gbogbo àdúgbò jáde pa pọ̀ sójú gọ́tà. Ìjọba ní gbèsè lọ́rùn. Ṣùgbọ́n ẹ jẹ́ ká wo ibi tí ìdènà tí à ń sọ wà. Ọ̀pọ̀ jù lọ ilé ní Èkó àti Ìbàdàn ni kò so mọ́ páìpù ìdọ̀tí ìjọba kankan. Láti ẹnu síǹkì dé ṣáńbà, láti ṣáńbà dé tánkì, láti tánkì dé sọ́kàwéè, inú ọgbà wa ni gbogbo rẹ̀ wà. Bí epo bá dé sọ́kàwéè, tó bo ara ilẹ̀ tí kò fi lè mu omi mọ́, kò sí kọmíṣánnà tó dá a síbẹ̀.

Àwọn mìíràn yóò ní gáàsì wọ́n, omi wọ́n, ta ni yóò máa gbé omi kaná nítorí páìpù? Ẹni tó bá kọ́kọ́ fi ìwé nu ìkòkò yóò rí i pé omi tí yóò lò dín kù, ọṣẹ náà dín kù. Ìmọ̀ràn yìí yẹ fún ẹni tí owó kò tó lọ́wọ́ rẹ̀ ju ẹnikẹ́ni lọ, torí òun ni kò ní owó tí yóò fi pe mọ́tò tàbí tí yóò fi tún ilẹ̀ balùwẹ̀ ṣe.

Ọ̀rọ̀ ilé ayálégbé le díẹ̀. Níbi tí ìdílé mẹ́jọ ti ń lo balùwẹ̀ kan, ta ni yóò yọ irun tí kì í ṣe tirẹ̀? A gbà pé ìwàásù lásán kò lè yanjú èyí. Àdéhùn ni yóò yanjú rẹ̀, kí iṣẹ́ náà máa yí láti yàrá dé yàrá bí wọ́n ṣe ń dáwó iná. Ìdajì rẹ̀ sì wà lọ́wọ́ onílé. Páìpù tó bá tẹ́ jù yóò jẹ́ kí ìdọ̀tí jókòó; ó yẹ kó dà tó sẹ̀ǹtímítà méjì ní mítà kọ̀ọ̀kan, kí ṣáńbà wà ní gbogbo ibi tí páìpù bá ti yà, kí páìpù tó ń mí sókè sì wà níbi tí ó yẹ. Onílé tó bá fo èyí nítorí owó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kọ́lé kò lẹ́tọ̀ọ́ láti sọ pé ìdọ̀tí ayálégbé ló ba òun nílé jẹ́.

Ibì kan ṣẹ́kù tí apá ìdílé kò ká. Ẹni tó bá dúró títí àwọn alásè fi palẹ̀ mọ́ lẹ́yìn òde ńlá yóò rí i bí wọ́n ti ń gbé agbada tí wọ́n fi dín ẹran, tí wọ́n sì ń da ìsàlẹ̀ òróró rẹ̀ sí gọ́tà tó sún mọ́ wọn jù. Àwọn búkà àti ilé oúnjẹ ńlá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lójoojúmọ́. Òróró búkà kan lọ́sẹ̀ kan lè ju ti òpópónà odindi lọ. Àpótí agbépo wà fún un. Omi síǹkì á kọ́kọ́ wọnú rẹ̀, epo á léfòó, omi á gba ìsàlẹ̀ jáde, wọn á sì máa bu epo náà kúrò. Ní oṣù kìíní ọdún 2024, Ìjọba Ìpínlẹ̀ Èkó fòfin de ike fóòmù tí wọ́n fi ń di oúnjẹ, nítorí pé ó ń dí gọ́tà. Láti orísun rẹ̀ ni wọ́n ti gbìyànjú láti dá a dúró. Ohun kan náà ni à ń béèrè lórí epo, ní Èkó àti ní gbogbo ìpínlẹ̀ ilẹ̀ Yorùbá: kí ilé oúnjẹ kankan má ṣe gba ìwé àṣẹ láìní àpótí agbépo, kí wolé-wolé tó ń béèrè ìwé àyẹ̀wò ìlera àwọn alásè sì béèrè àpótí náà pẹ̀lú, kí ó ní kí wọ́n ṣí i, kí ó sì wo inú rẹ̀.